Ohun Tí Mo Fi Ojú Búùtù Rí

Ní Ajégúnlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó wo ojú. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ ni Odion Ighalo fi gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Maracana tiwa níbí kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni Daddy Showkey àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ fi jó gàlàlà títí gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ pé a wà láyé. Bí òjò bá sì rọ̀ láti Boundary dé Tolu, ẹsẹ̀ ni yóò sọ irú ẹni tí o jẹ́. Ẹni tó gbọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ búùtù rọ́bà, á di bàtà gidi sínú láílọ́ọ̀nù, ó di ọ́fíìsì kó tó pààrọ̀. Ẹni tó lówó á jókòó sínú ọkọ̀, á yí gíláàsì sókè. Ẹni tó bá wọ búùtù aláwọ olówó gọbọi sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, tó ń fò láti orí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn, tó sì ń bú ẹni tó gbẹ́ gọ́tà, èmi nìyẹn.

Iṣẹ́ ló kó mi sí i. Ká má parọ́, fáàrí ni, iṣẹ́ ni mo fi bojú. Akọ̀wé ni mí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Apápá. Láti 1921 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté ibẹ̀, títí wọ́n fi fi ti Tin Can kún un ní 1977, ilẹ̀ wọ́ọ̀fù kò fìgbà kan jẹ́ ilẹ̀ bàtà pẹlẹbẹ. Irin ni, dísù ni, ìṣó ni, omi iyọ̀ ni, tírélà tí kì í wo ẹ̀yìn kó tó rìn sẹ́yìn ni. Àwọn tó ń já ẹrù ń wọ búùtù tí wọ́n fi irin bo ọmọ ìka rẹ̀. Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba ń wọ búùtù dúdú tó ń kọ mọ̀nà. Èmi nìkan ni mo ń wọ bàtà kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sápá kan, débi pé bí mo bá dúró, ńṣe ni mo dà bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí fún ògiri. Bí mo bá gbé ìwé síwájú ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ mi ló ń wò, á ní kí n lọ dúró sọ́hùn-ún. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé bàtà ni kò jẹ́ kí wọ́n kà mí sí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìwé mi ni kò pé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìdí òkìríkà ní ọjà Boundary. Òfin Nàìjíríà ní aṣọ àlòkù kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè wọlé, èmi tí mo ń kọ ìwé ẹrù sì mọ òfin náà ju ẹni tó ń tà á lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Kùtọnu gbòòrò, ọjà sì kún fọ́fọ́, èmi wo ni mo jẹ́ tí n ó máa bá ọjà jà? Ìyá tó ń tajà náà mọ ojú oníbàárà. Kò fi èyí tó wà lórí òkìtì lọ̀ mí rárá. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa búùtù kan jáde láti inú báàgì. Bíráùn tó ṣú díẹ̀, awọ rẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́. Ìyá náà tẹ imú rẹ̀ síwá sẹ́yìn lójú mi, kò sí ibi kankan tó là. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi òwú tí wọ́n fi rán àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ ọn yípo hàn mí.

"Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti gọ́ọ̀mù o. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ, wọ́n á tú u, wọ́n á rán òmíràn sí i. Ọmọ ẹ á jogún ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Búùtù tí wọ́n fi òwú rán yípo bẹ́ẹ̀ lè lo ogún ọdún lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n tọ́jú. Iye tí mo rà á, ìyàwó mi kò tíì gbọ́ ọ dòní olónìí, n kò sì ní kọ ọ́ síbí, nítorí ó mọ̀wé kà.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn náà bá mi lójú ọ̀nà Mobil. Kẹ̀kẹ́ márúwá kan yà fún ọ̀kadà, èmi náà yà fún kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wọ kòtò dé ọrùn búùtù. Ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán. Epo mọ́tò wà níbẹ̀, omi gọ́tà wà níbẹ̀, ohun tí a kì í dárúkọ nígbà tí èèyàn bá ń jẹun lọ́wọ́ wà níbẹ̀. Mo délé, mo gbọ́ òórùn ara mi, mo sì ṣe ohun tí gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa máa ń ṣe: mo gbé omi kaná.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń da ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú bàsíà.

"Bàbá Ìbejì, ṣé aṣọ ni?"

"Ohun tó bá dọ̀tí, fífọ̀ ni."

"Ó dáa o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ "ó dáa o" yẹn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ gbo ó kíkankíkan. Mo ro háípò díẹ̀ sí i nítorí òórùn. Mo wá rì í sínú omi náà mọ́jú. Nígbà tí mo jí, mo rí i pé omi ti pọ́n bíráùn, inú mi dùn dé gongo ẹ̀mí, mo pe àwọn ìbejì kí wọ́n wá wo bí ìdọ̀tí ṣe ń jáde. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọ̀ búùtù ló ń jáde.

Oòrùn tó máa ń yọ lẹ́yìn òjò l'Ékòó, ẹ kò ní bá a ṣeré. Mo gun àga, mo gbé búùtù náà sórí páànù ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, mo wá gba ibi iṣẹ́ lọ pẹ̀lú bàtà mi àtijọ́. Nígbà tí mo dé lálẹ́, pánla ni mo sọ̀ kalẹ̀. N kò purọ́ mọ́ ọn. Ó gbẹ, ó ká sókè níwájú, ó le, ó funfun lójú, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti là á níbi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀. Mo fi kan ilẹ̀, ó dún kó. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni à ń gbé, kò sì sí àṣírí kankan ní ojúde ilé bẹ́ẹ̀. Ìyá Onílé yọjú láti fèrèsé, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun bá mi bu omi gbígbóná sí i kó tó lọ sínú ẹ̀fọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé wọn kì í fi awọ sílẹ̀ lásán nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Òróró wà nínú rẹ̀, òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí fọ́nrán inú rẹ̀ máa gé ara wọn nígbà tó bá ń tẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe láti lé ọ̀rá kúrò lára aṣọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá ọbẹ̀ àti òróró inú awọ. Ó lé méjèèjì jáde. Omi wá wọlé dípò rẹ̀, oòrùn sì lé omi jáde lójijì, fọ́nrán wá sún mọ́ra, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n le gbagidi. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó jẹ́ àdììtú. Bí mo bá ti bi ẹnikẹ́ni tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ agbòòrùn, ì bá ti sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ronú. Ìyẹn gan-an ni wàhálà mi, mo máa ń ronú. Mo ní: nǹkan yìí gbẹ; ohun tó bá gbẹ, òróró ló ń fẹ́; òróró sì wà nínú ilé. Ìyàwó mi ń din àkàrà tà láràárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, òróró ẹ̀pà tó ti lò sì máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bù ú, mo gbé e kaná kó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi kànrìnkàn pa búùtù náà nínú àti lóde. Ó ń mu ún. Mo tún fún un. Ó tún mu ún. Mo fi gbogbo alẹ́ bu òróró fún un títí kò fi gbà mọ́.

Kí n sọ òtítọ́, ó rọ̀. Ó rọ̀, ó ṣú, ó dán, ó tilẹ̀ lẹ́wà. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí Apápá, mo sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ kí wọ́n lè rí i. Ọmọ ọ́fíìsì wa kan fa imú sínú, ó ní, "Ta ló ra àkàrà?" Gbogbo ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkàrà. Èmi náà bá wọn wá a.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ajá kan tẹ̀ lé mi láti ibùdókọ̀. Mo dúró, ó dúró. Mo sáré, ó sáré. Àwọn ọmọ àdúgbò gbà pé mo jí i ni. Ní gbogbo òpópónà wa, ajá kì í tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni láìnídìí, bó bá sì tẹ̀ lé ọ, wọ́n á máa wo báàgì ọwọ́ rẹ. Ó lá imú búùtù ọ̀tún mi dé ẹnu ọ̀nà.

Ajá ṣì dáa. Èèrà ló kọ́kọ́ dé lóru, wọ́n tò láti ojú fèrèsé wá. Aáyán tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni èkúté gbọ́, ó wá, ó jẹ ahọ́n búùtù òsì tán pátápátá, ó fi okùn sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Títí dòní, n kò mọ ohun tí okùn ṣe é. Òróró ẹ̀pà kì í gbẹ lára awọ, ńṣe ló máa ń dúró síbẹ̀ tí yóò fi kan; èyí tí mo sì lò, àlùbọ́sà àti ata rodo wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òórùn inú yàrá wa ti kọjá ti àkàrà, ó ti ń lọ sí ti nǹkan mìíràn. Ìyá Ìbejì gbé búùtù náà síta. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kàn bi mí lọ́jọ́ kejì ibi tí òróró inú kẹ́ẹ̀gì gbà.

Ìkómọ kan wá bọ́ sí Olódì lọ́dọ̀ àwọn àna mi, n kò sì ní bàtà mìíràn tó tó wọ lọ síbẹ̀. Mo ní kí n fi pọ́líìṣì bo gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wá Kiwi bíráùn títí ní àdúgbò, dúdú nìkan ni mo rí, mo sì rà á. Ẹni tó dá Kiwi sílẹ̀, William Ramsay, ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1906. Ẹyẹ kan tí kì í fò, ti ìlú ìyàwó rẹ̀ ní New Zealand, ló fi sọ ọ́ lórúkọ, kó lè fi yẹ́ ìyàwó náà sí. Ẹ gbọ́ o, ọkùnrin fi pọ́líìṣì bàtà múnú ìyàwó rẹ̀ dùn. Ó ṣeé ṣe.

Agolo tí mo rà ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, pọ́líìṣì inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán. Mo gbé e lọ bá Bàbá Sójà, ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó ń gbé yàrá òdìkejì tiwa. Bàtà bàbá náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń wo eyín wọn nínú rẹ̀. Ó ní nígbà táwọn wà ní bárékè, àwọn máa ń ṣáná sí ojú pọ́líìṣì ni, kó yọ́, kí àwọn wá dé ọmọrí agolo padà kíá. Mo dúpẹ́, mo lọ. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbàgbé sọ́nà. Àbẹ́là yíyọ́ àti epo tó máa ń gbiná ló wà nínú agolo yẹn, ọmọrí nìkan ló sì lè pa á. Èmi, mo fẹ́ ẹ. Mo fi ẹnu fẹ́ iná tó wà lójú epo. Iná náà fò sókè, ó gba irun ìpéǹpéjú mi kan lọ, mo ju agolo sílẹ̀, ó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Búùtù ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Nítorí náà, a lè sọ pé ó gba pọ́líìṣì.

Mo ra agolo mìíràn, mo fi kun búùtù bíráùn náà ní dúdú láti òkè délẹ̀, mo sì gbọ̀nà ìkómọ lọ pẹ̀lú ìpéǹpéjú kan ààbọ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa awọ ti mọ ohun tó kàn. Pọ́líìṣì kì í gbà lórí òróró. Ó lè dán, ṣùgbọ́n kò gbẹ, kò sì lẹ̀ mọ́ ibìkankan. Ohun tó bá kọ́kọ́ fara kàn án ló máa bá lọ. Mo wọlé, mo rí ìyá ìyàwó mi lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe na ara sílẹ̀, ẹsẹ̀ mi nà sẹ́yìn. Àbúrò ìyá ìyàwó mi ló jókòó lẹ́yìn mi, léèsì funfun tó sì wọ̀, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Mo gbọ́ "Yéè!" Mo yí padà, mo rí ìlà dúdú gbọọrọ méjì lára ìró. Kí ni ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe? Mo yára dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ìyá ìyàwó mi láti tọrọ àforíjì. Ẹsẹ̀ mi wá nà sí ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi.

Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní kí n má kí ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n gbé ìrẹsì mi wá bá mi níta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ kó-kó-kó lójúde. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn ṣúméékà tí wọ́n ń gbé àpótí pákó kọ́ èjìká, tí wọ́n ń fi igi búrọ́ọ̀ṣì lù ú kí á lè mọ̀ pé wọ́n ń kọjá. Láti ọjọ́ tí mo ti wà ní Ajégúnlẹ̀ ni èyí ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, ọmọ Kánò ni, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ. "Àbókí" ni mo máa ń pè é. Mo gbé búùtù náà fún un. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbé e jìnnà sí imú.

"Ọ̀gá, ta ló ṣe é báyìí?"

"Báyìí ni mo ṣe rà á."

"Ẹni tó tà á fún yín, ṣé ó ń din àkàrà ni?"

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà ìkómọ.

Mo jẹ́wọ́. Ọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, ó ní ní Kánò, nígbà tí bàbá òun ń ṣe awọ, òróró ẹ̀pà náà ni wọ́n ń fi pa á. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, kí awọ ṣì tutù ni, òróró náà kò sì tíì rí àlùbọ́sà rí. Ó tún sọ nípa bàgàrúwà, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n máa ń gún, tí wọ́n ń rẹ awọ ewúrẹ́ sínú omi rẹ̀ kó má bàa jẹrà. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé awọ ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Haúsá yẹn, láti Kánò àti Ṣókótó, ni àwọn oníràkúnmí ń gbé la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Mòrókò láyé àtijọ́, tí àwọn Òyìnbó rà á níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní awọ Mòrókò. Èmi tí mo ń kọ ìwé ẹrù, mo mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n kọ, wọn kò kọ ibi tó ti wá. Látọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun pípe ọkùnrin náà ní Àbókí. Alhaji ni mò ń pè é. Kò tíì lọ sí Mẹ́kà, kò sì kọ̀ ọ́.

Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ó tú okùn búùtù kúrò pátápátá; mo ti ń fọ búùtù, mo ti ń kùn ún, n kò tú okùn yẹn rí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò nínú gbogbo ojú òwú. Ó rẹ àkísà, ó fún un títí kò fi kán mọ́, ó fi ra ọṣẹ ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń fi nù ún lọ́wọ̀lọ́wọ̀, ó ń yí ojú àkísà padà. Dúdú ń jáde, òróró ń jáde. Ó fi àkísà mìíràn tí kò ní ọṣẹ nù ún tẹ̀ lé e. Omi tó lò kò kún ife. Mo rántí bàsíà mi, mo wolẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ títí ó fi ga, kí ó má bàa wó bó ṣe ń gbẹ, ó ní ó di ọ̀la. Mo ní ṣé kí n gbé e sí oòrùn. Ó wò mí. Ó gbé búùtù náà lọ sílé ara rẹ̀.

N kò sùn dáadáa. Mo rò pé ó ti gbé e lọ.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó ti fi awọ tuntun kan tó rà ní Mushin, níbi tí ọ̀pọ̀ ṣúméékà Èkó ti ń ra awọ, rán ahọ́n mìíràn sí ti òsì. Ó yọ láílọ́ọ̀nù kékeré kan, òrí ló wà nínú rẹ̀, òrí tí a fi ń pa ọmọ tuntun lára. Ó bù ú mọ níwọ̀n èso ẹ̀wà kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí ó fi yọ́, ó wá ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sínú awọ, níbi tó ti ń tẹ̀ àti lẹ́bàá òwú. Mo ní kó bù sí i. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti fún un ní ti ọdún mẹ́ta." Ó fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ó lọ tún bàtà ẹlòmíràn ṣe, ó padà wá nu èyí tí awọ kò gbà.

Ìgbà yẹn ni pọ́líìṣì tó dé. Bíráùn. Ó wé àkísà mọ́ ìka méjì, ó fi kan agolo, ó ń yí i roboto-roboto lójú awọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó dúró kó gbẹ. Ó wá gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fì í síwá sẹ́yìn kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé bí pọ́líìṣì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò dán tó. Ó ní rárá o, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí èèyàn bá ti nù ún kúrò ló ń dán. Dídán yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìlà tó là níwájú kò parẹ́. Alhaji ní ẹran ti kú, egbò rẹ̀ kò lè jinná mọ́, kí n ṣáà máa fún un ní òrí kó má bàa là sí i. Owó tó gbà, kò tó owó agolo Kiwi méjì.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, bí mo bá jẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbọ́n. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì tèmi. Mo ra òrí, mo ra pọ́líìṣì bíráùn, mo to gbogbo rẹ̀ sínú agolo bísíkíìtì. Mo ń tọ́jú bàtà fún gbogbo ilé. Mo dán ti Bàbá Sójà wò, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Mo dúró ti Ìyá Onílé lójúde, mo ń ṣàlàyé fún un nípa fọ́nrán inú awọ, títí ó fi ní omi òun ń hó lórí iná.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Peckham ló ń gbé, ó wá lo ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fún wa ní ọlá, ó sùn lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn nítorí pé ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú máa ń dí. Búùtù tó wọ̀, àwọ̀ iyanrìn tó pọ́n díẹ̀ ni, ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò dán rárá. Mo wò ó nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Mo káàánú rẹ̀. Mo ní, ẹ wo ọkùnrin pàtàkì yìí, òkè òkun ló ń gbé, kò sì rí ẹni bá a tọ́jú bàtà. Awọ yìí ti gbẹ! Ó ti funfun!

Mo gbé agolo bísíkíìtì mi jáde.

N kò yára rárá. Mo tú okùn. Mo gbọn erùpẹ̀. Mo fún àkísà títí kò fi kán mọ́. Mo ra òrí lọ́wọ́ títí ó fi yọ́, níwọ̀n èso ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n awọ náà gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ó tún ń bèèrè, mo sì fún un. Mo fi pọ́líìṣì tẹ̀ ẹ́. Irun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kan wà lójú rẹ̀ tó ń dí mi lọ́wọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn títí ó fi sùn. Kí àkùkọ tó kọ, búùtù méjèèjì ti ń dán, wọ́n ti ṣú, mo tò wọ́n sẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ọkàn mímọ́.

Nubuck ni wọ́n ń pe irú awọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi nǹkan tó dà bíi sáńpépà ha ojú awọ gidi títí irun wínníwínní á fi yọ lójú rẹ̀. Irun yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀, òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Timberland ló gbé irú búùtù náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1973 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù àti omi, kí àwọn olórin ráàpù New York tó sọ ọ́ di ti afẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló ń fẹ́, pẹ̀lú rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́. Pọ́líìṣì, rárá. Òrí, ká má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ṣàlàyé gbogbo èyí fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ débi pé àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì náà ti mọ̀ nípa nubuck báyìí.

Ó kọ́kọ́ fi sùúrù bèèrè.

"Bàbá Ìbejì, níbo ni búùtù mi wà?"

"Òun nìyẹn, sà. Ẹsẹ̀ yín nìyẹn, sà."

"Mo ní búùtù mi."

Mo ranṣẹ́ pe Alhaji. Ó wá, ó gbé ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó wo agolo bísíkíìtì mi, ó wo ojú mi. Ó bi Ẹ̀gbọ́n ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá ó lè fẹ́ràn dúdú. Dúdú ló gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ó ń bọ̀ fún Kérésìmesì ọdún yìí. Ìyá Ìbejì ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ọ láti orí àga. Ó ní kánfáàsì lòun máa wọ̀ wá, aláṣọ, kò ní awọ kankan lára, alẹ́ ló sì máa wọlé dé. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun máa wọ̀ ọ́ sùn.